Nínú iPhone àti Samsung, èwo ló ń ya òótọ́?

Kò sí òde ìnáwó téèyàn máa dé l'Ékòó báyìí tí kò ní bá àríyànjiyàn yìí pàdé: àwọn tó ní iPhone ní kò sí kámẹ́rà tó dà bíi tàwọn, àwọn tó ní Samsung ní irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká fi ariwo sílẹ̀ ná.

Ẹ mú Galaxy S23 Ultra àti iPhone 14 Pro. Megapixel 200 ni Samsung fi ń polówó tiẹ̀, 48 ni ti Apple. Ẹni tó bá gbọ́ 200 á rò pé ìjà ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Bí ẹ ò bá yí ètò inú rẹ̀ padà, Samsung á kó 16 pọ̀ di ẹyọ kan, iPhone á kó 4 pọ̀, megapixel 12 náà ni àwọn méjèèjì máa gbé jáde. Ohun tó jìnnà ni Samsung fi jù ú lọ: gíláàsì rẹ̀ lè fà á súnmọ́ ní ìlọ́po 10, ti iPhone yẹn ò kọjá 3. Tó bá jẹ́ fídíò, iPhone ni mo fọwọ́ sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òṣùpá ló ká mi lára jù. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ẹnì kan gbé fọ́tò òṣùpá tó ti mọ̀ọ́mọ̀ sọ di bàìbàì sójú kọ̀ǹpútà, ó pa iná yàrá, ó wá fi Samsung yà á láti ọ̀ọ́kán. Fọ́tò tó jáde ní kòtò àti àpá tí kò sí lójú kọ̀ǹpútà rárá! Fóònù ti mọ bí òṣùpá ṣe máa ń rí, ló bá bá a parí ẹ̀. Samsung ṣàlàyé pé AI ló ń dá òṣùpá mọ̀ tó ń tún un ṣe, pé èèyàn sì lè pa á. iPhone náà kì í ṣe áńgẹ́lì o: fọ́tò bíi mélòó kan lòun náà máa ń hun pọ̀ di ẹyọ kan.

Òṣùpá ò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Tó bá wá jẹ́ nọ́ńbà ọkọ̀ tó gbá èèyàn sá lọ ńkọ́? Tó bá jẹ́ ojú ọgbẹ́ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ lù? Abala 84 òfin ẹ̀rí ọdún 2011 ló sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rí tó tinú kọ̀ǹpútà jáde, fóònù yín sì wà lára ohun tí òfin yẹn ń pè ní kọ̀ǹpútà. Ó ń béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò náà. Èyí tó ń fi nǹkan kún fọ́tò, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni àbí ó ń ṣiṣẹ́ jù? Lọ́yà tó mọṣẹ́ á bi yín.

Tó bá ti di ohun tó lè dé kọ́ọ̀tù, ẹ súnmọ́ ọn kẹ́ ẹ tó yà á, ẹ má fi filter kankan sí i. Ẹ má sì pa ojúlówó rẹ̀ rẹ́ lórí fóònù, torí èyí tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lórí WhatsApp, wọ́n á ti fún un pọ̀, ọjọ́ àti aago tó wà nínú fáìlì á sì ti bọ́ dànù. Tó bá jẹ́ lọ́yà yín lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document.