Kábíyèsí, ẹ bá wa yẹ ìtọ̀ àwọn ọmọ wò

Sí Kábíyèsí, Ẹlẹ́sìẹ́ ti Ẹ̀sìẹ́,
Ààfin Ọba, Ẹ̀sìẹ́,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìpínlẹ̀ Kwara.

Kábíyèsí o! Mo kọ lẹ́tà yìí sí gbangba nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan gbogbo ilé tí ọmọ wà, láti Ẹ̀sìẹ́ dé Ọ̀mù-Àrán àti gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ẹ̀bẹ̀ pàtàkì kan ló gbé mi wá: kí ẹ fi àṣẹ yín sọ ọ́ di àṣà ìlú yìí pé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, a ó yẹ ìtọ̀ gbogbo ọmọ ilé-ìwé wò.

Mo mọ̀ pé ìtọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń dárúkọ níwájú ọba. Ẹ foríjì mí. Nọ́ọ̀sì ni mí, àwọn ọmọdé ni mò ń tọ́jú, inú ìtọ̀ sì ni kíndìnrín ti máa ń kọ́kọ́ ké gbàjarè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́fà jí ní òwúrọ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú débi pé ojú rẹ̀ kò là tán. Ìyá rẹ̀ ní bóyá kòkòrò ló ta á. Kó tó di ọ̀sán, ojú ti fà, ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ kejì, ojú tún wú. Kò pẹ́, ṣòkòtò ilé-ìwé kò gba ìdí rẹ̀ mọ́. Bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀, ibi tí a tẹ̀ á jìn, kò ní tètè padà. Ìtọ̀ rẹ̀ ń hó nílẹ̀. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ẹni tó fún ọmọ ní oúnjẹ jẹ. Wọ́n ra oògùn ní kẹ́míìsì, wọ́n fún un ní àgbo, wọ́n gbé e lọ síbi àdúrà. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dé Ìlọrin, omi ti kún ikùn rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Kábíyèsí, kò sí ọwọ́ ayé nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn. Kíndìnrín rẹ̀ ló ń jò. Èròjà amúaradàgbà tó yẹ kó dúró sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá ìtọ̀ jáde, omi sì ń tinú iṣan ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ẹran ara. Ká ní a yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ìṣẹ́jú kan là bá fi mọ̀. Ohun tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kò ju pélébé tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, tí wọ́n lẹ àwọn ègé bébà aláwọ̀ mọ́ lára. A ó tì í bọ ìtọ̀ inú ife, a ó yọ ọ́, a ó kà dé ọgọ́ta. Bí ara ọmọ bá le, ègé tó ń wá amúaradàgbà á wà ní àwọ̀ ìyeyè rẹ̀. Bí kíndìnrín bá ń jò, á bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ewé lójú ẹni. Ègé tó ń wá ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń wá ṣúgà, àti èyí tó ń wá àmì kòkòrò àrùn, gbogbo wọn wà lára pélébé kan náà.

Àrùn jíjò kíndìnrín yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Ní 1963, Herbert Gilles àti Ralph Hendrickse, àwọn dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, kọ ìwádìí wọn jáde nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ara wọn ń wú báyìí. Wọ́n fi hàn pé irú ibà kan, tí Plasmodium malariae ń fà, ní ọwọ́ nínú àìsàn ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ̀fọn tó ń jẹ ọmọ lálẹ́ lè dé inú kíndìnrín rẹ̀. Ní 2010 ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí àyípadà kan nínú àbùdá tí wọ́n ń pè ní APOL1, tó wọ́pọ̀ láàrin àwa Yorùbá àti àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ń gba ara lọ́wọ́ àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, kíndìnrín rẹ̀ tètè lè bàjẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ tó jogún rẹ̀ kò ní ṣàìsàn kíndìnrín títí ayé wọn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fòyà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa tètè máa wò ju ẹlòmíràn lọ.

Wíwú ojú nìkan kọ́ ni àmì. Ọmọ tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn, tàbí tí egbò bo ara rẹ̀, lè dàbí ẹni tó ti gbádùn. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́fà, ìtọ̀ rẹ̀ lè pọ́n, kó ṣú, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì máa ru. Ọmọ tó ń wẹ̀ lódò lè kó àtọ̀sí ajá: aràn tó ń tinú ìgbín omi kéékèèké jáde á gba awọ ara rẹ̀ wọlé, á lọ fìdí kalẹ̀ sí ẹ̀bá àpòòtọ̀, ọmọ á sì máa rí ẹ̀jẹ̀ níparí ìtọ̀. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni, à ń wọn ọmọ lóòró láti mọ iye tí yóò lò. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, àpá á di ọ̀nà ìtọ̀, ìtọ̀ á padà sẹ́yìn, á ba kíndìnrín jẹ́. Ọmọ jòjòló tí a lo oògùn ibà fún tí ara rẹ̀ tún ń gbóná, ó lè jẹ́ pé kòkòrò ti wọ ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, pàápàá ọmọbìnrin. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún ìyá pé iwájú ni kó ti nù ún lọ sẹ́yìn. Ní ti ọmọkùnrin jòjòló, kí ìyá wo bó ṣe ń tọ̀. Bí ìtọ̀ bá ta jìnnà, a dúpẹ́. Bó bá ń kán tó-tó-tó, tí ọmọ ń gin, awọ kan lè wà lójú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ láti inú oyún. Oníṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò, ṣùgbọ́n àfi kí ẹnìkan kọ́kọ́ ṣàkíyèsí.

Oògùn tí a fọwọ́ ara wa fún ọmọ tún lè pa kíndìnrín. Ní 1990, májèlé kan tó ń jẹ́ diethylene glycol wà nínú paracetamol olómi tí wọ́n fún àwọn ọmọ ní Ìbàdàn àti Jos. Ní 2008, májèlé kan náà wọ inú My Pikin, oògùn àwọn ọmọ tó ń hu eyín, ó sì pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Ní 2022, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Gambia pẹ̀lú oògùn ikọ́ tó wá láti Íńdíà. Ọmọ tó lé ní 60 ló bá a lọ. Níbi gbogbo, àmì kan náà ló yọ: ọmọ kò tọ̀ mọ́. Kábíyèsí, ìyá tó bá mọ̀ pé kí òun sáré gbé ọmọ tí kò tọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ lọ sílé ìwòsàn, ó lè gba ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ là.

Bí kíndìnrín bá ti kọṣẹ́ pátápátá, ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló kù, tàbí kí a pààrọ̀ kíndìnrín. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìfọ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan yóò wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 ní àwọn kan nínú ilé ìwòsàn rẹ̀. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. 36,000 náírà nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó ti ju owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ, tí òfin fi sí 70,000 náírà. Kí ni àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu àti gbágùúdá yóò tà? Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín fún ohun mẹ́rin.

Èkíní, kí ẹ bá ìlú sọ̀rọ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kì í ṣe àjẹ́ ló ń mú ara ọmọ wú, wọ́n lè máà gbọ́. Bí ó bá ti ẹnu ọba jáde, tí wọ́n tún un sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti lọ́jà, pé ọmọ tí ojú rẹ̀ wú ní òwúrọ̀ méjì tẹ̀léra, ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ ń lọ, ìlú á gbọ́.

Èkejì, kí ẹ pe àwọn ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera jókòó, kí wọ́n yan ọjọ́ tí a ó yẹ ìtọ̀ àwọn ọmọ wò, tí a ó sì wọn ìfúnpá ẹni tí pélébé bá fura sí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ìdè rẹ̀ bá apá ọmọdé mu.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ pe àwọn oníkẹ́míìsì àti àwọn ìyá alágbo. Ẹ má lé wọn; àwọn ni ìyá ń kọ́kọ́ sá bá. Kí wọ́n má ta oògùn olómi tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Kí wọ́n má fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tó ń bì, ní ibuprofen tàbí diclofenac, nítorí ó ń ṣèpalára fún kíndìnrín ọmọ tí omi ti gbẹ lára rẹ̀. Kí wọ́n má sì fún ọmọ tí ara rẹ̀ wú ní oògùn tí ń fa ìtọ̀ láìsí dókítà.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀yin àti àwọn ọba Ìgbómìnà yòókù jọ lọ bá Gómìnà. Ìpínlẹ̀ Kwara ti dán ìbánigbófò ìlera fún ará oko wò láti 2007, ní Shonga. Kí wọ́n fi àyẹ̀wò ìtọ̀, praziquantel àti ìtọ́jú kíndìnrín ọmọdé sínú ohun tí ètò ìbánigbófò ń san owó rẹ̀. Àwọn ọmọ Ẹ̀sìẹ́ tó wà lẹ́yìn odi lè fi owó tiwọn bẹ̀rẹ̀ ọdún àkọ́kọ́ àyẹ̀wò yìí.

Ẹnìkan lè sọ pé ní 2007, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà kò dámọ̀ràn àyẹ̀wò ìtọ̀ mọ́ fún gbogbo ọmọ tí ara rẹ̀ dá, nítorí pé pélébé yìí máa ń fura sí ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ní àrùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ló ní dókítà tó ń wò ó déédéé; ọmọ wa lè dàgbà láìfojú kan ọ̀kan. Japan ti ń yẹ ìtọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé wò lọ́dọọdún láti 1974, wọn kò sì tíì dá a dúró. Bí pélébé bá fura sí ọmọ kan, a ó tún ìtọ̀ tó kọ́kọ́ tọ̀ ní òwúrọ̀ yẹ̀ wò, kí a tó dẹ́rù ba ìyá rẹ̀.

Kábíyèsí, ní 1945, Ẹ̀sìẹ́ ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí, nítorí àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún tí àwọn baba wa tọ́jú títí ayé fi gbọ́ nípa wọn. Ìlú tó lè tọ́jú òkúta tó bẹ́ẹ̀ lè ṣe é fún ọmọ. Ẹni méjì ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń wò ó.

Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù kẹta ni Àyájọ́ Kíndìnrín Lágbàáyé lọ́dọọdún. Mo bẹ̀ yín, kí èyí tó ń bọ̀ jẹ́ ọjọ́ àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ní Ẹ̀sìẹ́, kí ẹ̀yin fúnra yín wà níbẹ̀, kí ọmọ ààfin sì wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ gbé ife ìtọ̀ wá. Mo ti ṣetán láti kọ́ àwọn tíṣà bí a ṣe ń ṣe é, n kò sì ní gba kọ́bọ̀.



Èmi ni ọmọ yín,
nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé, ọmọ bíbí Ẹ̀sìẹ́.