Oògùn Àtijọ́ fún Iṣan Tí Kò Lágbára

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fún ènìyàn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, n kò mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn lè wúlò fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru.

Àrùn kan ń bẹ tí a máa ń bí mọ́ni, Ehlers-Danlos. Èyí tó burú jù nínú rẹ̀ ni ti iṣan ẹ̀jẹ̀. Fọ́nrán tó yẹ kí ó mú ògiri iṣan le kò dára. Bí nǹkan kàn wọ́n díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a kú sábẹ́ awọ wọn, iṣan ńlá sì lè ṣàdédé bẹ́ kí wọ́n tó pé ogójì ọdún.

Àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù fi celiprolol tọ́jú 25 nínú aláìsàn 53, kí ẹ̀jẹ̀ má baà fi agbára lu ògiri iṣan. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2010: iṣan ya tàbí bẹ́ lára 5 nínú wọn. Nínú 28 tí kò lò ó, 14 ni.

Ní 2019 àwọn aláṣẹ oògùn Amẹ́ríkà kọ̀ ọ́, wọ́n ní kí a tún un dán wò. Ènìyàn 53 kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni a ó ti rí ẹgbẹ̀rún aláìsàn nínú àrùn tó ṣọ̀wọ́n báyìí? Lójú tèmi, kí ìdánwò máa lọ, kí a má sì gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó.

Ẹ má rà á fúnra yín o. Ó ń kan ìlù ọkàn. Ṣùgbọ́n bí òbí yín bá kú nítorí iṣan tó bẹ́, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, tàbí kí ẹ tó lóyún.