Ẹ Béèrè Orúkọ Ohun Tí Ẹ Ń Sanwó Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la mú wá lọ́tẹ̀ yìí: bí a ṣe ń rà á, bí a ṣe ń tún un ṣe, àti àwọn owó àfikún tí wọ́n ń kà sí wa lọ́rùn tí a kì í béèrè ìdí rẹ̀. Ẹnìkan lè ní, kí ló kan ìjọ nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀? Ó kàn wá púpọ̀. Lẹ́yìn ilẹ̀ àti ilé, ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé wa ń kó owó lé lórí jù lọ. Owó gàrí, owó àjọ, owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́, ibẹ̀ ló ń lọ. Ibi tí owó opó àti ti ọmọ òrukàn bá sì ti ń ṣègbé, Ọlọ́run kì í dákẹ́ níbẹ̀; àwa náà kò gbọdọ̀ dákẹ́.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ra bọ́ọ̀sì tí a ó máa fi kó àwọn àgbàlagbà wá sí ìsìn, a lọ bá ẹnìkan tó ń ta tòkunbọ̀. Ó dá iye kan lé e, ó ní gbogbo nǹkan ti wà nínú rẹ̀: ọkọ̀, ìwé, nọ́ńbà, inṣọ́ránsì àti sáfíìsì àkọ́kọ́. Ó tilẹ̀ ní ọ̀fẹ́ ni òun fi inṣọ́ránsì ṣe, nítorí pé iṣẹ́ Olúwa ni. A ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ, tó ń ta gàrí lọ́jà, tó bi í pé, “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, èwo lowó ọkọ̀, èwo lowó ìwé?” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mọ́mì, ẹ má da ara yín láàmú, a ti ṣe gbogbo ẹ̀ pọ̀.” Ìyá náà dáhùn pé, “N kò da ara mi láàmú. Bí mo bá ta gàrí fún ẹ, tí mo tún ta epo fún ẹ, mo máa ń sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́.”

Nígbà tí ó wá yà wọ́n sọ́tọ̀ lórí ìwé, inṣọ́ránsì tó ní ọ̀fẹ́ ni wà níbẹ̀ pẹ̀lú owó, owó ọ̀hún sì tó ìlọ́po méjì iye tí ilé iṣẹ́ adójútòfò fúnra wọn sọ fún wa. Nígbà tí a béèrè ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù, ó ní yóò dé tó bá yá. A kò ra ọkọ̀ náà. Èyí tí a padà rà kò dán tó o, owó rẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ pé.

Ohun tí ìyá yìí ṣe kò ṣàjèjì sí Bíbélì. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 23, nígbà tí Ábúráhámù fẹ́ ra ibi tí yóò sin Sárà sí, Éfúrónì ní kí ó máa mú ilẹ̀ náà lọ láìsanwó. Ábúráhámù kò gbà. Ó ní iye tí ó tó gan-an ni òun yóò san, ó sì wọn 400 ṣékélì fàdákà lójú gbogbo àwọn tó wà ní ẹnubodè ìlú. Nínú Jeremáyà orí 32, wòlíì náà ra oko, ó wọn 17 ṣékélì, ó pe ẹlẹ́rìí, ó kọ ìwé, ó sì ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú ìkòkò amọ̀ kí ó lè pẹ́. Iye tí a dárúkọ, ẹlẹ́rìí, àti ìwé: nǹkan mẹ́ta yìí ni ènìyàn Ọlọ́run fi ń rajà. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́ ni kí ènìyàn béèrè wọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù, nítorí ibi tí a ń gbé. Àwa ará agbègbè yìí, láti Ayétòrò dé Ìlaròó, kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ fàyàwọ́ nínú wa. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀ ní èbúté Kútọnu, ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ń fojú sí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Èbúté ojú omi nìkan ni wọ́n fàyè gbà. Ní oṣù kẹjọ 2019 wọ́n ti ẹnubodè pátápátá, wọn kò sì tún ṣí ti Ìdírókò títí di oṣù kẹrin 2022. Ṣíṣí tí wọ́n ṣí i kò sọ fàyàwọ́ di ohun tó bófin mu. Ní oṣù kẹta 2024, ìjọba fún àwọn tí ọkọ̀ wọn kò ní ìwé ní 90 ọjọ́ láti wá san owó ibodè, pẹ̀lú ìtanràn ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé e lórí. Àkókò náà ti kọjá.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fi ọkọ̀ lọ̀ yín tí owó rẹ̀ kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ béèrè ohun tí ó mú un kéré. Bí àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù bá dá ọkọ̀ náà dúró lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, wọn kò ní béèrè bóyá ẹ mọ̀ tàbí ẹ kò mọ̀. Ọkọ̀ á lọ, owó á lọ, ẹni tó tà á á sì pa fóònù rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé ọ̀nà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà dé. Ọmọ ẹnìkan ló wà á gba inú igbó lóru láìtan iná. Ìbọn tó ń dún lójú ọ̀nà wa, a kì í mọ ẹni tí ọta rẹ̀ yóò bà. A kò sọ pé ìjọba kò lẹ́jọ́ tirẹ̀: ẹni tí kò pèsè iṣẹ́ fún ọ̀dọ́ ẹnubodè kò lè fi ìbọn nìkan tún ẹnubodè ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ti ìjọba kò pa tiwa rẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà ṣáṣì. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ẹ ó rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí ti ara ọkọ̀ kò bá bá ti inú ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù mu, ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tajà bá pè wá. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé mítà máìlì nìkan, nítorí wọ́n ń yí i padà sẹ́yìn.

Ó wá ku inṣọ́ránsì. Ẹ̀yin ará, èyí ta èmi olóòtú yìí náà lára. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnìkan tó ń bá ni ṣe ìwé ọkọ̀ ló bá mi ṣe tèmi. Mo sanwó, mo gba bébà, mo kì í bọ inú ọkọ̀. Nígbà tí mo kọlu ọlọ́kadà kan lójú ọ̀nà Ìlaròó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, mo mú bébà náà tọ ilé iṣẹ́ tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀ lọ. Wọ́n wò ó, wọ́n wò ó, wọ́n ní àwọn kò mọ nọ́ńbà náà rí. Èmi ni mo san owó ìtọ́jú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, fún oṣù púpọ̀. Ọkùnrin náà ní ìyàwó àti ọmọ. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń wá owó, wọn kò rí ẹni tó ń bọ́ wọn. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé bébà èké tí mo rà kì í ṣe èmi nìkan ni ó rẹ́ jẹ.

Inṣọ́ránsì tí òfin kàn nípá fún gbogbo ọlọ́kọ̀ ni ti ẹni kẹta. Kì í tún ọkọ̀ tiyín ṣe, kì í sì í san owó ọkọ̀ tí wọ́n jí. Ẹni tí ẹ fi ọkọ̀ ṣe léṣe tàbí tí ẹ ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ ló wà fún. Èyí tó ń tún ọkọ̀ tiyín ṣe tún wà lọ́tọ̀, owó rẹ̀ sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni àjọ NAICOM ti sọ iye ti ẹni kẹta fún ọkọ̀ aládàáni di 15,000 náírà láti 5,000. Ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta di 5,000, ti ọ̀kadà di 3,000. Ti ọkọ̀ aládàáni lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà fún dúkìá tí ẹ bá bà jẹ́. Ní oṣù kejì 2025 ni àwọn ọlọ́pàá tún bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri. Bí ẹnìkan bá dá iye mìíràn fún yín, ẹ bi ilé iṣẹ́ adójútòfò gan-an. Ẹ tẹ *565*11# sórí fóònù yín, kí ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sí i. Bí ìwé yín bá jẹ́ òtítọ́, ẹ ó bá a níbẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, sọ pé kí ẹni tó ń tajà fi iye ọjà hàn, kí ó sọ pé àlòkù ni bí ó bá jẹ́ àlòkù, kí ó sì fún oníbàárà ní ìwé ohun tí ó rà. Kò fún un láṣẹ láti fi dandan mú yín ra nǹkan mìíràn lé ohun tí ẹ wá rà. Bí ó bá ní inṣọ́ránsì ọ̀dọ̀ òun nìkan ni, ẹ lè sọ pé ẹ ó ra ti ibòmíràn. Bákan náà ni lọ́dọ̀ mẹkáníìkì: ẹ béèrè iye kí wọ́n tó tú ọkọ̀, kí ẹ ní kí wọ́n kó pátì tí wọ́n yọ fún yín, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ óìlì sínú ìwé kan. Ẹni tó sì ń ra ọ̀kadà ní sísan díẹ̀díẹ̀, kí ó ro gbogbo owó náà pọ̀ kí ó tó tọwọ́ bọ̀wé, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń tajà, tí ẹ ń ṣe mẹkáníìkì, tí ẹ ń bá ni ṣe ìwé ọkọ̀, a kò gbàgbé yín. A mọ̀ pé oníbàárà náà ń rẹ́ni jẹ. Òwe orí 20 ti sọ nípa ẹni tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ọjà títí yóò fi rà á, tí yóò wá máa yangàn bó bá dé ọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n Léfítíkù orí 19 kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: òṣùwọ̀n tòótọ́ ni Olúwa ń béèrè. Ìdámẹ́wàá tí a mú láti inú bébà èké, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wá síwájú pẹpẹ. Ẹ kọ́kọ́ dá a padà fún ẹni tó ni í.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa pinnu nìyí. Opó tàbí àgbàlagbà tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà, kí ó sọ fún wa lẹ́yìn ìsìn. Ènìyàn méjì yóò bá a lọ, mẹkáníìkì kan àti ẹnìkan tó mọ̀wé kà. A kò ní gba kọ́bọ̀. Iṣẹ́ wa ni láti jókòó tì í, kí a sì béèrè bí ìyá onígàrí ti béèrè: èwo lowó ọkọ̀, èwo lowó ìwé?

Kí Olúwa la ojú wa, kí ó bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí ó sì mú wa dé ilé láyọ̀ lójú ọ̀nà gbogbo. Àmín.