Ẹ jẹ́ ká jiyàn, ẹ má jẹ́ kó dogun



Ọ̀rọ̀ Faransé kan ti di ti gbogbo wa ní Ṣábẹ: polémique. Tí ìpàdé bá ti gbóná, ẹnì kan á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe polémique níbí." À ń pè é bí ẹni pé ariwo ẹnu lásán ni.

Àwọn Gíríìkì ló ni ín. Polemos lédè wọn, ogun ni, ogun ọ̀kọ̀ àti idà. Ibẹ̀ ni Faransé ti mú un, tó fi ń pe ìjà tí a ń fi ẹnu àti kálàmù jà. Àwọn baba wa náà mọ̀ pé ẹnu ò jìnnà sí ogun: ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó.

Àwa fojú ara wa rí i ní oṣù kẹrin ọdún 2021. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló kọ́kọ́ jẹ́: ṣé ọjọ́ 5 oṣù náà ni àkókò Ààrẹ parí, àbí ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún, bí òfin tí wọ́n tún ṣe ní 2019 ti wí? Iyàn amòfin ni. Àfi bí wọ́n ṣe dí ọ̀nà Kútọnu sí Parakou mọ́lẹ̀ níbí. Lọ́jọ́ 8, àwọn ológun yìnbọn láti ṣí i. Èèyàn kú.

Ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, Plato, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì, ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Ogun pẹ̀lú àjèjì, polemos. Ìjà láàárín ẹbí, stasis. Ó ní ẹni tó ń bá ẹbí jà kò gbọdọ̀ sun ilé, kò gbọdọ̀ ba ilẹ̀ jẹ́. Kó máa jà bí ẹni tó mọ̀ pé àwọn ṣì máa parí ẹ̀. Àwa náà ní: bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.

Ẹgbẹ́ wa ò ní kẹ́nikẹ́ni panu mọ́ o. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ká bèèrè, ká takò. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ owó ìlú là ń sọ, owó ìlú ni ká sọ, ká má wá ti ibẹ̀ bú ìyá ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gba òkúta lọ́wọ́ olóṣèlú tí kò ní rán ọmọ tiẹ̀ síta. Ẹ̀yin aláṣẹ, ọ̀rọ̀ la fi ń dá ọ̀rọ̀ lóhùn, kì í ṣe ọta ìbọn.

Ìbò á dé, á tún kọjá. Ọjà kan náà la ó jọ máa ná.