Oògùn Afọkànhàn Kì í Ṣe Oògùn Wèrè

Ìròyìn a máa ṣáájú oògùn dé ìlú. Ní oṣù keje ọdún 2023, ilẹ̀ Ọsirélíà gba àwọn oníṣègùn ọpọlọ kan láyè láti fi psilocybin, èròjà tí ó wà nínú àwọn olú kan, tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí oògùn mìíràn kò ràn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti fọwọ́ sí MDMA fún ìpayà tí ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú ń fi sílẹ̀ lọ́kàn ènìyàn. Wọ́n ní kí wọ́n tún ìwádìí ṣe sí i. Bó pẹ́ bó yá, irú ọ̀rọ̀ báyìí yóò dé etí ará Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Orúkọ wo ni ẹni tí yóò sọ ọ́ fún wọn ní èdè Yorùbá yóò pè é?

Bí ó bá pè é ní oògùn wèrè, ó ti ṣi ènìyàn lọ́nà. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá ti ń fi gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè. Raymond Prince, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1960. Èròjà reserpine, tí wọ́n kọ́kọ́ yọ láti ara ìbátan igi yìí tí ó wà ní ilẹ̀ Íńdíà ní 1952, wà nínú asofẹ́yẹjẹ pẹ̀lú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pẹ̀tù sí ọkàn. Ti psilocybin yàtọ̀: ríru ni ó ń ru ìrántí àti ìmọ̀lára sókè. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí kì í fi í fún ẹni tí ó ti ya wèrè rí. Ẹni tí ó bá gbọ́ “oògùn wèrè” yóò gbé e fún ẹni náà gan-an tí kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.

“Oògùn olóró” kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ náà kó o pọ̀ mọ́ gegemu tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń mu. Gegemu a máa da orí rú, a máa mú àyà sáré, a sì máa pani. Bí ìròyìn bá ní oògùn olóró ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì sàn, ta ni yóò dá ẹni tí ó bá já gegemu fún ọmọ rẹ̀ lẹ́bi?

Ẹlòmíràn lè dábàá “oògùn ìran”. Aríran ni èyí yóò mú wá sọ́kàn. Aláìsàn lè gba ohun tí ó bá rí gẹ́gẹ́ bí àṣẹ láti òkè.

Nígbà tí Humphry Osmond fún ẹ̀yà oògùn yìí lórúkọ láti inú èdè Gíríìkì ní 1957, ìtumọ̀ tí ó ní lọ́kàn ni ohun tí ń fi ọkàn hàn. “Oògùn afọkànhàn” gbé ìtumọ̀ yìí láìfi ọ̀rọ̀ àjèjì kún un. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn kan lè rò pé ó ń mú ènìyàn ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, orúkọ nìkan kò tó. Àlàyé gbọ́dọ̀ bá a rìn.

Oògùn nìkan kọ́ ni ìtọ́jú náà pẹ̀lú. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ bá aláìsàn sọ̀rọ̀, kí wọ́n wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ tí oògùn fi ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì tún jọ yẹ ohun tí ó rí wò lẹ́yìn náà. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá: láti 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo ti mú kí àwọn aláìsàn Aró máa gbé ní abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, tí ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ìwé atúmọ̀ èdè ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó bá gba “afọkànhàn” wọlé gbọ́dọ̀ kọ nǹkan mẹ́ta sí ìdí rẹ̀: ẹni tí ó wà fún, ẹni tí kò gbọdọ̀ lò ó, àti ẹni tí yóò jókòó ti aláìsàn.