Eré Àwọn Ará Kòríà àti Àwọn Ọmọ Wa

Bí ènìyàn bá gba Under G kọjá ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní alẹ́, ní àkókò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá bá wà ní ilé ẹ̀kọ́, kì í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ èdè kan tí kì í ṣe Yorùbá, tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í sì í ṣe Haúsá. Èdè Kòríà ni. Inú kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ó ti ń jáde. Àwọn ọmọ wa mẹ́rin tàbí márùn-ún á pagbo yí i ká, wọn á máa ka Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, wọn á máa rẹ́rìn-ín, wọn á sì máa sunkún. Bí eré bá parí, wọn kì í sùn. Wọn á bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn káàkiri ayé, láti sọ ohun tí ó dára níbẹ̀ àti èyí tí ó kù díẹ̀ káà tó.

Àwọn àgbààgbà kan ti fi ẹjọ́ eléyìí sùn wá, wọ́n sì fẹ́ kí a bá àwọn ọmọ náà wí. A rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn, a kò lè dá ẹjọ́ náà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Àìsùn tí ó ń ba ìdánwò jẹ́ kò dára, a kò sì sọ pé gbogbo eré náà ni ó ní láárí. Ṣùgbọ́n àwa tìkára wa ti jókòó tì wọ́n, a sì rí i pé ohun tí ó wà nínú eré wọ̀nyí kò jìnnà sí ilé wa: ọmọ tí ń tẹríba fún àgbà, ìyá ọkọ tí ń yọ ìyàwó lẹ́nu, ìjòyè tí ń dìtẹ̀ sí ọba.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn pàápàá. Ọmọbìnrin Kòríà kì í pe ọkùnrin tí ó jù ú lọ ní orúkọ lásán. «Oppa» ni yóò pè é, yálà ọmọ ìyá rẹ̀ ni tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ó jù ú lọ, «unnie» ni. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ fún èyí, nítorí náà lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ ẹni náà gan-an ni atúmọ̀ ń kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní i: ẹ̀gbọ́n ni. Bákan náà, ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe wọn a máa yí padà gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ̀ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ méjì nínú eré bá fi ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n mú ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́, ọjọ́ ńlá ni. Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi í hàn. Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ ìyàtọ̀ «ẹ» sí «o» láti kékeré, kíá ni a ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣe àyẹ̀wò eré náà, ọ̀bẹ tí ó mú ni ó gbé sílẹ̀, ó mú èyí tí ó kú. Ohun tí ó sì dùn wá jù ni pé ọmọ kan náà tí ń fi ìfẹ́ pe «oppa» lè máa tijú láti pe «ẹ̀gbọ́n» lójú títì.

Àwọn ará Kòríà kò tijú èdè wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jìyà nítorí rẹ̀. Ọba Sejong ni ó kéde lẹ́tà tiwọn ní 1446. Láti 1910 títí dé 1945, abẹ́ Jàpáànù ni wọ́n wà. Nígbà tí ó yá, a lé èdè wọn kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, a sì ní kí wọ́n máa jẹ́ orúkọ Jàpáànù. Síbẹ̀, ní 2020, fíìmù Parasite tí Bong Joon-ho fi èdè Kòríà ṣe gba ẹ̀bùn Oscar tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, èyí tí fíìmù kankan tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì kò gbà rí. Ní 2021, Squid Game tẹ̀lé e, gbogbo ayé sì wò ó.

Wọ́n sì mọ bí a ti ń lo ìtàn. Eré Jewel in the Palace, tí wọ́n ṣe ní 2003 sí 2004, jẹ́ ìpín 54 lórí obìnrin kan, Jang-geum, tí ó ti ilé ìdáná ààfin di oníṣègùn ọba. Ibi díẹ̀ péré ni ìwé ìtàn ààfin wọn ti dárúkọ rẹ̀. Ìtàn tiwa ńkọ́? Samuel Johnson, àlùfáà tí ó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, parí ìwé rẹ̀ ní 1897, a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Ó kọ síbẹ̀ pé Ìyá Kéré ni ó ń tọ́jú àwọn ohun oyè Aláàfin, òun náà ni ó sì ń gbé adé lé ọba lórí. Bí obìnrin yìí bá jẹ́ ti Kòríà, ìpín mélòó ni wọn ì bá ti fi í ṣe?

A bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Under G léèrè ipò àwọn ìjòyè ààfin Joseon, ó kà wọ́n bí ẹní ka owó. A bi í ní Ọ̀yọ́ Mèsì. Baṣọ̀run nìkan ni ó mọ̀. A kò lè bá a wí. Ta ni ó sọ fún un? Àwa tí a jókòó ti ìtàn náà ni kò sọ ọ́.

Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Túndé Kèlání ṣe Saworoidẹ ní 1999. Kúnlé Afọláyan gbé Aníkúlápó ka ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ní 2022. Ìtàn Gáà sì jáde ní fíìmù ní 2024. Ohun tí ó kù ni kí a máa yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò ní Yorùbá, kí a yin èyí tí ó dára, kí a sì tọ́ka sí ibi tí aṣọ, oyè tàbí ọ̀rọ̀ kò bá ti bá ìtàn mu.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa wo eré yín, ṣùgbọ́n ẹ fi èdè yín kọ ohun tí ẹ rí. Ẹ gbìyànjú láti fi Yorùbá sí abẹ́ àwòrán pẹ̀lú. Ojú ìwé yìí ṣí sílẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin olóyè wa, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn fún àwọn tí ń wá ìtàn láti fi ṣeré, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi àròsọ dípò òtítọ́ nítorí pé ẹ dákẹ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n àwa àgbà ni a gbọ́dọ̀ tan iná ilé sílẹ̀ de àwọn ọmọ náà.