Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ

Ọkọ̀ akẹ́rù dí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, oníròyìn rédíò ní pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì ni. Tọkọtaya bínú síra wọn lórí owó ọbẹ̀, pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì náà ni. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe aṣọ iṣẹ́.

Adégòkè Adélabú, akọni NCNC n'Ìbàdàn, ni wọ́n ní ó fọ gẹ̀ẹ́sì "peculiar mess" nílé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì mú un bí etí wọn ṣe gbà á, wọ́n sì fi ṣe oríkì fún un. Ìjàǹbá ọkọ̀ pa Adélabú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, 1958. Oríkì náà kò bá a lọ.

Gẹ̀ẹ́sì yẹn gan-an ní ìtàn. Látìn ni "peculiar" ti wá: ohun ìní ẹni ni, ẹran ọ̀sìn sì ni gbòǹgbò rẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n gbé ka orí tábìlì ni "mess", kó tó di àpòpọ̀, kó tó di ìdàrúdàpọ̀. Ohun ìní àti oúnjẹ! Kí ló tún kù nínú òṣèlú?

Mẹ̀kúnnù lè dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Wàhálà, tí Yorùbá gbà lọ́wọ́ Hausa, kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì ní tirẹ̀, àwọn àgbààgbà ló ń pò ó, ará ìlú ló ń jẹ ẹ́.

Ọ̀yọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Bọ́dé Thomas, igbákejì olórí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group), àti Aláàfin Adéyẹmí Kejì du agbára mọ́ra wọn lọ́wọ́ nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Thomas kú ní oṣù Kọkànlá, 1953. Lọ́dún 1954, Ọlọ́pẹ àti Alákùkọ (NCNC) kọlu ara wọn, ẹ̀mí bọ́. Ìjọba lé Aláàfin kúrò nílùú, wọ́n sì rọ̀ ọ́ lóyè lọ́dún 1955.

Ladoke Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló gba ipò Thomas nínú ẹgbẹ́. Òun àti Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, dà rú, àga ń fò nílé aṣòfin ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, 1962. Láàárín 1968 sí 1969, owó orí tí ìjọba gbé lé àgbẹ̀ lórí dá ìjà Àgbẹ́kọ̀yà sílẹ̀. Ẹni tí kò sí lára àwọn tó ṣòfin náà ni ó fojú winá rẹ̀: Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n pa.

Láyé yìí ńkọ́? Aláàfin Lamidi Adéyẹmí Kẹta wàjà ní oṣù Kẹrin, 2022. Ààfin ṣófo títí di oṣù Kìn-ín-ní, 2025, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ kéde Ọba Akeem Owóadé. Àwọn kan lára àwọn Ọ̀yọ́mèsì, àwọn afọbajẹ, yarí, ẹjọ́ sì dé kóòtù. Oníròyìn tó ń wá ibi tí yóò ti lo ọ̀rọ̀ Adélabú, ibẹ̀ gan-an ni kó lọ.